Pípa bass láti bèbè adágún tí koríko kún: ìbéèrè àti ìdáhùn

Adágún kékeré tí kò jìn, tí koríko sì gba ojú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ apẹja máa ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó kọjá lọ. Wọ́n ti rò ó tán: ìwọ̀ á há, okùn á já, inú á bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹja bass fẹ́ràn, ẹni tí kò sì ní ọkọ̀ ojú omi lè dúró sórí ilẹ̀ kó pa á. Lójú tèmi, koríko kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro tó wà ni pé a máa ń ju ìwọ̀ kọjá orí ẹja, a sì máa ń fi ẹsẹ̀ lé e kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ rèé.

Irú ẹja wo ni bass yìí gan-an?

Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni largemouth, ẹja omi tí kò níyọ̀, ọmọ bíbí Àríwá Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kó lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ó dé Japan ní ọdún 1925, ó sì dé South Africa ní ọdún 1928. Ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, ìlà dúdú kan tó rí wúruwùru sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrù. Bí ó bá pa ẹnu dé, igun ẹnu rẹ̀ máa ń kọjá ẹ̀yìn ojú. Ti smallmouth tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kì í kọjá ojú bẹ́ẹ̀, òun sì fẹ́ràn omi olókùúta tó tutù ju adágún ẹlẹ́rẹ̀ lọ.

Èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ jẹ́ méjì tó dọ́gba. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1932, George Perry pa ọ̀kan ní Georgia tó wọn páùn 22 àti áúnsì 4, ìyẹn bíi kílò 10. Ní ọdún 2009, Manabu Kurita pa òmíràn ní adágún Biwa ní Japan tó fi díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ọ̀hún kò tó áúnsì 2 tí òfin àkọsílẹ̀ béèrè kí ti tuntun tó lè gba ipò ti àtijọ́. Ẹ má fi ìyẹn wọn adágún kékeré o. Níbẹ̀, ẹni tó bá pa èyí tó tó kílò 2 ti pa ẹja gidi.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìwà rẹ̀ ni pé kì í lé oúnjẹ kiri bí kò bá di dandan. Ó máa ń lúgọ. Bí ohun kékeré bá ti ń kọjá, yóò ya ẹnu lójijì, omi á sì rọ́ wọlé pẹ̀lú oúnjẹ náà. Ó ń fà á mu ni, kì í gé e jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà lò ó nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ àkèré rọ́bà, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tó rí bí àkèré.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú koríko ló ń gbé?

Ibòòji wà níbẹ̀, ibi ìsápamọ́ wà, oúnjẹ sì ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Àwọn ẹja kéékèèké, edé, kòkòrò omi àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń sá wọ inú koríko kí wọ́n má bàa di ìjẹ, bass sì ń tẹ̀ lé wọn. Nínú adágún tí kò jìn tó mítà 2, níbi tí oòrùn ti ń wọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, koríko ni gbogbo ilé tó wà.

Àwọn Yorùbá máa ń wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Òkè yẹn ni gbogbo ayé ń wò. Apẹja ní tirẹ̀ ń wá ohun tó wà lábẹ́: koríko tó tẹ́ bí ẹní sójú omi sábà máa ń ní àyè tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ẹja sì lè lọ kó bọ̀ níbẹ̀ láìsí ìdíwọ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán, koríko tútù ń tú ọ́síjìn sínú omi. Ní òru, òun fúnra rẹ̀ ń mí, ó ń lo èyí tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn fi máa ń kéré jù ní ìdájí. Bí koríko bá kú tó ń jẹrà, jíjẹrà náà ń mu ọ́síjìn tán, ẹja á sì sá kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí apá kan tó tutù yọ̀yọ̀ àti apá kan tó ti pọ́n, tó ń rùn, ẹ má fi àkókò ṣòfò níbi èkejì.

Gbogbo ojú omi ni koríko bò. Ibo gan-an ni kí n ju ìwọ̀ sí?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ má wo koríko gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti yí padà.

Etí koríko ni àkọ́kọ́, níbi tí ó ti pàdé omi gbalasa. Etí tó tọ́ gbọnrangandan kò fi bẹ́ẹ̀ dára tó èyí tó ní kọ̀rọ̀. Bí koríko bá yọ ṣónṣó jáde, tàbí tó wọ inú bí ìgbà tí wọ́n bu ún ní ẹnu, ibẹ̀ ni kí ìwọ̀ yín kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ihò. Ihò tó tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀ péré tó láti mú ẹja wò sókè. Ẹ tún wá ibi tí oríṣi koríko méjì ti pàdé, bíi kí òṣíbàtà parí kí ìféfé bẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ìjìnlẹ̀ tàbí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló yí padà níbẹ̀, bass sì mọ̀ ọ́n ju wa lọ.

Bí ìtì igi bá wó sáàárín koríko, tàbí tí páìpù kan ń tú omi wọlé, èyí ju koríko lásán lọ. Bí adágún náà bá jẹ́ àtọwọ́dá, apá ìsédò ló sábà jìn jù, ẹja a máa sún mọ́ ọn nígbà tí òtútù tàbí ooru bá pọ̀ jù.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò ni àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti koríko. Lọ́pọ̀ adágún, koríko kì í hù dé etí ilẹ̀ tán. Ojú omi tóóró kan máa ń wà níbẹ̀, bóyá kò tó mítà 1 ní fífẹ̀, kò sì jìn dé orúnkún. Bass ń rìn gba ibẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ bí ẹni pé wọ́n là á fún un. Ẹni tó bá rìn dé etí omi tó wá ju ìwọ̀ sí àárín ti lé ẹja tó dára jù lọ nínú adágún náà lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí etí àti ojú yín ṣiṣẹ́. Bí igi ìféfé bá gbọ̀n nígbà tí atẹ́gùn kò fẹ́, nǹkan kan ló fara kàn án. Bí ẹ bá gbọ́ pọ́kọ́pọ́kọ́ lábẹ́ koríko, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní bluegill ló ń ṣa kòkòrò jẹ lára ewé. Bass kì í jìnnà síbẹ̀. Bí ọmọ ẹja bá fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sá fún nǹkan ni. Níbi tí lámilámi pọ̀ sí, ẹ wò ó dáadáa, nítorí bass a máa fò gbé wọn.

Ṣé kò yẹ kí n ju ìwọ̀ jìnnà, kí n lè dé àárín?

Ó lè yẹ nígbẹ̀yìn, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró bíi mítà 3 sí omi, kí ẹ kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sí etí ilẹ̀ níwájú yín. Lẹ́yìn náà ẹ ju ú sí ọ̀tún àti sí òsì, kó máa bá bèbè rìn. Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni kí ẹ tó sún mọ́ omi láti wá ibi tó jìnnà. Ìwọ̀ tó ń bá bèbè rìn máa ń pẹ́ níbi tí ẹja wà. Èyí tí a jù tààrà sí àárín kàn ń gba etí koríko kọjá fìrì ni.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹja ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi?

Òótọ́ ni. Yàtọ̀ sí etí inú tó ní, ìlà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ láti orí dé ìrù tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Bèbè ẹlẹ́rẹ̀ ń gbé ìró ẹsẹ̀ wọ omi. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ má ju àpótí sílẹ̀ gbì, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín na sórí omi tó mọ́. Bí ẹ bá lè fi igi tàbí ìféfé bo ara yín, ó dára. Aṣọ tó ń dán wò kò ṣe àǹfààní kankan. Ohun kan tí mo kà sí dandan ni awò oòrùn tó ń pa dídán ojú omi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarized, nítorí òun ló ń jẹ́ ká rí ihò àti ẹja gan-an.

Irú ọ̀pá àti okùn wo ni mo nílò?

Ọ̀pá kan tó le, tó gùn tó mítà 2.1 sí 2.3, tó fún iṣẹ́ yìí. Gígùn rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ gbé okùn kọjá orí koríko etí ilẹ̀, líle rẹ̀ ni ẹ fi máa fa ẹja jáde.

Okùn ni kí ẹ má fi ṣe àṣejù ìṣọ́wó. Nínú koríko tó nípọn, okùn híhun tó lè gbé páùn 50 sí 65 ni mo fara mọ́. Àwọn tó jẹ́ tuntun máa ń rò pé ó ti pọ̀ jù fún ẹja kílò 1. Kì í ṣe ẹja nìkan lẹ ń fà, ẹ ń fa koríko tó wé mọ́ ọn pẹ̀lú, ìyẹn sì lè wúwo ju ẹja náà lọ. Okùn híhun kì í nà, ó ń léfòó, ó sì ń gé igi koríko bí ẹ bá fà á. Okùn náílọ́nù ń nà. Ẹ̀ ń fà níhìn-ín, ìwọ̀ kò mọ̀ lọ́hùn-ún. Okùn fluorocarbon dára níbi tí omi ti mọ́ tí koríko sì fọ́nká, ṣùgbọ́n ó ń rì, kò bá àkèré orí omi mu. Ní ti kókó tí ẹ máa fi so ìwọ̀ mọ́ okùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Palomar rọrùn láti ta, kì í sì í yọ̀ lára okùn híhun.

Ìjẹ wo ni kí n lò tí kò ní há?

Kò sí èyí tí kì í há rárá, àmọ́ èyí tí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ fara pamọ́ ló yẹ ibẹ̀. Mẹ́ta tó.

Àkèré rọ́bà tó ní inú òfìfo ni mo fi ṣáájú. Ìwọ̀ méjì rẹ̀ fara ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń gun orí òṣíbàtà kọjá láìkọ́ ohunkóhun. Ẹ jù ú kọjá ihò, ẹ rọra fà á dé ihò náà, kí ẹ wá dá a dúró. Ìdádúró yẹn ló ń pa ẹja. Ẹni tó ń fà á láìsinmi kàn ń rìn ìrìn àjò ni.

Èkejì ni ekòló rọ́bà tí kò ní òjé, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 13, tí a tún ti ẹnu ìwọ̀ padà sínú ara rẹ̀ kó má bàa gbé koríko. Ẹ jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹja máa ń gbé e nígbà tó ṣì ń lọ sílẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé okùn ń rìn sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ẹyọ ohun kan ṣoṣo fún irú adágún yìí, èyí ni kó rà.

Ẹ̀kẹta wà fún ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹja bá wà lábẹ́ koríko tó nípọn. Ẹ fi òjé tungsten, ìyẹn irin wúwo tó ń mú ìjẹ rì, tó wọn gíráàmù 28 sí 42 síwájú rọ́bà kékeré tó rí bí edé, kó lè já wọ inú koríko. Láti orí ilẹ̀, ibi tí ọ̀pá yín bá dé nìkan ni èyí wúlò. Bí ẹja kankan kò bá gbé e lẹ́yìn tó kan ilẹ̀ tí ẹ gbé e sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ́, ẹ sún síwájú.

Ìjẹ tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ẹ fi sílé.

Ẹja ń fọ́ omi mọ́ àkèré mi, ṣùgbọ́n kò kọ́. Kí ni mò ń ṣe?

Ẹ ń yára fà ni. Ẹja náà ń fa ìjẹ mu láti abẹ́ ewé, ewé sì lè dí i lọ́wọ́. Bí omi bá ti fọ́n, ojú ló ń rí i, ọwọ́ kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá wà nílẹ̀, kí ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ sì dúró títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé nǹkan wúwo wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fà á tagbáratagbára.

Bí ó bá ṣì ń bọ́, ẹ wo ẹnu ìwọ̀ bóyá ó ti kú. Ẹ lè fi ẹ̀mú tẹ ìwọ̀ méjèèjì sóde díẹ̀ pẹ́ẹ́. Ẹ gé ẹsẹ̀ rọ́bà àkèré náà kúrú, nítorí àwọn ẹja kékeré sábà máa ń gbá ẹsẹ̀ nìkan mú. Bí ẹja bá sì ti kọlù ú tó tàsé, ẹ má tún ju àkèré padà. Ẹ ju ekòló tí kò lójé sínú ihò tó fọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá kejì tó ti wà ní ìmúrasílẹ̀ wúlò fún èyí gan-an.

Ó ti kọ́, ó wá sá wọ inú koríko. Ṣé kí n já okùn ni?

Rárá o. Ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ ọ tán, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti yí orí rẹ̀ sókè, kó máa yọ̀ bọ̀ lórí koríko. Bí ó bá ti rì wọlé, ẹ mú okùn le, kí ẹ sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti fà á gba ọ̀nà tó gbà wọlé. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá kàn mú okùn le láìfà, ẹja á máa jà, á sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi okùn híhun wé ọwọ́ lásán. Ó ń gé ẹran ara. Àwọ̀n tó ní ọwọ́ gígùn á gbà yín lọ́wọ́ wíwọ ẹrẹ̀.

Ìgbà wo ló dára jù?

Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń sọ, òótọ́ sì ni, pàápàá fún àkèré orí omi. Ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run náà dára, ẹja á máa rìn káàkiri. Ohun tí wọn kì í sọ tó ni pé ọ̀sán gangan kò burú nínú irú adágún yìí. Oòrùn ń lé bass wọ abẹ́ ibòòji, ìyẹn sì dín ibi tí ẹ máa wá a kù.

Ní ilẹ̀ tí òtútù ń mú gan-an, omi tí kò jìn ló ń kọ́kọ́ móoru bí ìgbà òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹja á sì yọ wá sí bèbè tí oòrùn ń kọjú sí. Bí omi bá ti tó bíi 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin. Nígbà òtútù fúnra rẹ̀, ẹ dẹ ọwọ́, ẹ wá koríko tó kù tó ṣì tútù.

Mo rí ẹja tó dúró lórí ìtẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n pa á?

Akọ ni. Òun ló fi ìrù gbá ilẹ̀ mọ́, òun ló ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ. Bí ẹ bá gbé e kúrò, bluegill á dé, wọ́n á kó ẹyin náà jẹ. Níbòmíràn òfin fàyè gbà á, níbòmíràn kò gbà á. Nínú adágún kékeré, èmi a fi í sílẹ̀.

Ewédò ń lẹ̀ mọ́ ìjẹ mi nígbà gbogbo.

Ewédò tó rí bí òwú ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ máa yẹ ìjẹ wò lẹ́yìn gbogbo jíjù. Bass kì í jẹ ohun tí òwú wé mọ́. Bí ó bá ti bo gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀, orí omi nìkan ló kù fún yín.

Ṣé kí n gbé ẹja náà lọ sílé àbí kí n dá a padà?

Ó wà lọ́wọ́ òfin ibẹ̀ àti ẹni tó ni adágún, nítorí náà ẹ gba ìwé àṣẹ àti ìyọ̀ǹda kí ẹ tó ju ìwọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ adágún kékeré ló ní bass wẹ́wẹ́ tó pọ̀ jù, tó rù, tí orí wọn tóbi ju ara lọ. Kíkó díẹ̀ nínú àwọn kékeré jẹ máa ń ran àwọn tó kù lọ́wọ́ láti dàgbà. Àwọn ńlá ni kí ẹ dá padà.

Fún dídá padà, ẹ fi omi rin ọwọ́ yín. Ẹ fi àtàǹpàkò mú ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, kó má bàa ro láti ètè nìkan. Ẹ má jẹ́ kó yí nínú koríko gbígbẹ tàbí iyanrìn. Bí ó bá gbé ìwọ̀ mì tó sì jìn, ẹ gé okùn nítòsí ìwọ̀, ẹ má fi agbára fà á.

Àwọn ewu wo ló wà létí omi?

Ejò fẹ́ràn ìféfé. Ẹ wọ bàtà tó ga, ẹ fi ọ̀pá yẹ ibi tí ẹ máa tẹ̀. Bí ààrá bá sán, ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀ kí ẹ kúrò létí omi, nítorí ọ̀pá carbon ń gba iná mànàmáná kọjá.

Ṣé mo lè lọ sí adágún mìíràn lọ́jọ́ kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣa gbogbo koríko kúrò lára okùn, bàtà àti àwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Èérún kékeré kan lára koríko omi tí wọ́n ń pè ní hydrilla tó láti hù níbi tuntun, á sì gba gbogbo ojú omi náà. Ẹja tàbí ìjẹ ààyè tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú omi tí kì í ṣe ibi tó ti wá.